Àárẹ̀ Irin, Láti Egbin Títí Dé Ẹ̀pẹ́

Ẹni tí ó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìpakodò, tí ó sì dojú kọ ìlà-oòrùn lórí ọ̀sà Èkó, kò ní pẹ́ rí àwọn òpó èéfín gíga ti ilé iṣẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná Egbin, lẹ́bàá Ìjẹ̀dẹ́, ní ilẹ̀ Ìkòròdú Ọ̀gà, tí wọ́n na orí sókè ju orí àgbọn lọ. Ilé iṣẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1985 ni, ẹ̀rọ mẹ́fà ni ó wà níbẹ̀, agbára ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì jẹ́ mẹ́gáwáàtì 220, èyí tí ó sọ àpapọ̀ wọn di 1,320. Nígbà tí iná bá wà, a kì í rántí ibẹ̀. Nígbà tí kò bá sí, kò sí ẹni tí kì í fi ọ̀rọ̀ gún un lára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ iná kọ́ ni mo gbé kalẹ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ irin ni. Nínú ikùn ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan ni ọ̀pá irin ràgàjì kan wà, tí ooru omi tí ó gbóná ju 500 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius ń fẹ́ sí ní abẹ̀bẹ̀ ara kí ó lè máa yí, ó sì ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan. Ọ̀pá yìí wúwo tó bẹ́ẹ̀ tí ìwúwo ara rẹ̀ ń tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ ní àárín, bí ojú lásán kò tilẹ̀ lè rí i. Nítorí náà, ní yíyí kọ̀ọ̀kan, apá ara rẹ̀ tí ó wà lókè, tí a fún pọ̀, a bọ́ sí ìsàlẹ̀, a sì di èyí tí a nà. Ẹni tí ó bá ṣírò rẹ̀ yóò rí i pé fífún àti nínà yìí ń bá a ní ìgbà 4,320,000 láàrin ọ̀sán kan àti òru kan.

Àárẹ̀ ni ohun tí irú ìnira bẹ́ẹ̀ ń kó bá irin. Ẹrù tí irin gbé lánàá láìmikàn, tí ó gbé níjẹta, tí ó sì ti ń gbé láti ọdún mẹ́wàá, òun náà ni yóò gbé lónìí tí yóò sì kán sí méjì, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fi ìwọ̀n kan kún un. Èyí ni ó ń ba ènìyàn lẹ́rù. Bí ẹrù bá pọ̀ jù tí igi aláàárù sì ṣẹ́, gbogbo wa mọ ohun tí ó fà á. Ṣùgbọ́n bí ọ̀pá tí ó so ẹsẹ̀ tírélà pọ̀ bá já lójijì ní òpópónà Ìkòròdú sí Ìtòikín, lórí títì tí ó tẹ́jú, ní òwúrọ̀ tí òjò kò rọ̀, àwọn tí ó wà níbẹ̀ a wo ara wọn lójú, wọn a sì wí pé ọwọ́ ayé ni, tàbí pé awakọ̀ náà gbàgbé Ògún. Èmi kì í bá àwọn àgbà jà lórí Ògún Lákáayé. Àwọn alágbẹ̀dẹ tí í ṣe ọmọ rẹ̀ ti mọ̀, kí òyìnbó tó kọ ìwé kankan nípa rẹ̀, pé irin tí a bá ń lù ní tútù a máa le, a máa ṣe agídí, bí a kò bá sì dá a padà sínú iná kí ara rẹ̀ rọ̀, yóò sán mọ́ni lọ́wọ́. Ìmọ̀ tí ó jinlẹ̀ ni èyí. Ohun tí ó ṣẹ́kù ni kí á mọ ohun tí iná náà ń mú kúrò nínú irin, àti ohun tí ìlù náà ń kó sínú rẹ̀.

Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, ẹ tọrọ wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn aṣerin fi ń so ọ̀pá irin pọ̀, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ síwá sẹ́yìn ní ojú kan náà pẹ̀lú ìyára, kí ẹ sì fi ojú ibẹ̀ kan ètè kí ó tó já. Yóò jó yín. Kò sí iná níbẹ̀, kò sí oòrùn. Agbára apá yín ni ó wọ inú wáyà náà tí ó sì di ooru. Òfin kìíní nínú ìmọ̀ ooru àti agbára ti wí pé agbára kì í ṣègbé, pé bí ó bá kúrò níbì kan, ibòmíràn ni a ó ti bá a. Nígbà tí a tẹ wáyà náà, apá kan nínú agbára wa ni ó dá padà fún wa bí wáyà ti ń fẹ́ tọ́ padà. Apá tí kò dá padà ni ó fi yí ara rẹ̀ po nínú lọ́hùn-ún. Ní ọdún 1934, Taylor àti Quinney ní Cambridge wọn èyí, wọ́n sì rí i pé nínú agbára tí a fi yí irin po, nǹkan bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá ni ó ń di ooru tí ó sì ń fẹ́ lọ, ṣùgbọ́n ìyókù kò jáde. Ó jókòó sínú irin náà, ó ń da ìtò àwọn hóró tíntìntín tí irin fi ara rẹ̀ ṣe rú. Ìdá kékeré tí ó jókòó sílẹ̀ yìí gan-an ni gbòǹgbò àárẹ̀. Òun ni iná alágbẹ̀dẹ ń lé jáde. Ṣùgbọ́n bí ó bá pẹ́ nínú irin tí ó sì ti di ojú sísán, iná ìrọ̀ra lásán kò ní pa ojú náà dé mọ́.

Ikú ni ó kọ́ aráyé ní ẹ̀kọ́ yìí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 1842, ọkọ̀ ojú irin tí ń bọ̀ láti Versailles sí Páríìsì ní ilẹ̀ Faransé ṣẹ́ ní ọ̀pá ẹsẹ̀, iná sọ, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì jóná, tí ọ̀gágun ojú òkun kan, Dumont d'Urville, ẹni tí ó ti wa ọkọ̀ yí ayé ká tí omi kò gbé e, wà lára wọn. Lẹ́yìn náà ni August Wöhler, ẹni tí ń ṣiṣẹ́ ní ojú irin ní Jámánì, ṣe ẹ̀rọ tí ń yí ọ̀pá irin lábẹ́ ẹrù títí yóò fi kán, tí ó sì ń kọ iye ìgbà tí ó yí sílẹ̀. Ó fi hàn pé bí ìnira bá ti ń dín kù ni iye ìgbà tí irin lè fara dà á ń pọ̀ sí i, àti pé ìwọ̀n ìnira kan wà tí ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí irin á fẹ́rẹ̀ẹ́ lè gbé e títí ayé. Iṣẹ́ ńlá ni. Ṣùgbọ́n kíkà ni Wöhler kà, kò sọ ìdí.

Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, A. A. Griffith, tí ń ṣiṣẹ́ ní Farnborough níbi tí wọ́n ti ń yẹ ọkọ̀ òfuurufú wò, ni ó mú ìdí rẹ̀ wá, nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1921. Gíláàsì ni ó fi ṣe ìwádìí. Ìṣirò fi hàn pé ó yẹ kí gíláàsì lágbára ju bí a ti ń bá a lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po, Griffith sì bi ara rẹ̀ léèrè ibi tí agbára ìyókù gbé wà. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ojú sísán kéékèèké tí a kò rí ti wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn baba wa náà sì ti wí pé bí ògiri kò bá lanu, alángbá kò lè wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó ṣe ju èyí lọ. Ó wí pé ohun tí a bá nà, agbára wà nípamọ́ nínú rẹ̀. Bí ojú sísán bá gùn sí i, díẹ̀ nínú agbára náà á tú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ojú sísán tó lè gùn sí i, ó ní láti dá ojú tuntun méjì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, èyí sì ń gba agbára. Nígbà tí ojú náà ṣì kúrú, ohun tí ó ń wọlé kò tó ohun tí ó ń jáde, ó sì dúró jẹ́ẹ́. Bí ó bá ti gùn kọjá ìwọ̀n kan, ohun tí ń wọlé borí ohun tí ń jáde, kò sì sí ẹni tí yóò tún dá a dúró: yóò sáré la ohun náà já ní ìṣẹ́jú akàn. Ìdí nìyí tí irin fi lè sán fún ọdún púpọ̀ láìsí ariwo, tí yóò sì wá kán lójú kan. George Irwin ti ilé ìwádìí ológun ojú omi Amẹ́ríkà ni ó wá mú ìṣirò yìí wọ inú irin dáadáa, nígbà tí ó fi yé wa pé orí ojú sísán nínú irin ń jẹ agbára púpọ̀ gan-an bí irin ti ń rọ̀ tí ó sì ń yí po níbẹ̀, èyí tí kò sí nínú gíláàsì.

Ti kíkán lójijì nìyẹn. Ti sísán díẹ̀díẹ̀, Paul Paris ni ó ni ín, ọ̀dọ́mọkùnrin ará Amẹ́ríkà tí àwọn ìwé ìròyìn ńlá ti ìmọ̀ ẹ̀rọ kọ̀ láti tẹ iṣẹ́ rẹ̀ jáde, tí ó fi di pé ìwé ìròyìn kékeré ti Yunifásítì Washington ni ó gbé e jáde ní ọdún 1961. Ó wí pé bí ìnira ti ń lọ tí ó ń bọ̀ ní orí ojú sísán ni yóò sọ ìwọ̀n tí ojú náà yóò fi gùn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, díẹ̀díẹ̀ bí imú ẹlẹ́dẹ̀ tí ń wọ ọgbà. Nínú irin, bí ìnira náà bá di ìlọ́po méjì, ìyára sísán kì í di ìlọ́po méjì. Ó ń di méjì lọ́nà méjì lọ́nà méjì, èyí tí í ṣe mẹ́jọ. Ẹ̀yin tí ẹ ní típà tí ń kó yanrìn láti etí ọ̀sà Ìkòròdú, ẹ fi ọkàn sí èyí. Bí kíkún àpọ̀jù àti kòtò ojú ọ̀nà bá sọ ìnira ẹsẹ̀ ọkọ̀ di ìlọ́po méjì, ojú sísán tí ì bá gba ọdún mẹ́jọ kó tó ṣe ọkọ̀ ní jàǹbá lè parí iṣẹ́ rẹ̀ láàrin ọdún kan. Owó yanrìn tí a fi kún un kò tó owó ọkọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò tó ẹ̀mí ọmọ ènìyàn tí ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Inú mi dùn láti sọ ọ́ níhìn-ín pé ọmọ Yorùbá wà lára àwọn tí ó gbé iṣẹ́ Paris ga. Winston Wole Soboyejo, tí ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ní Cambridge, tí ó sì ti jẹ́ ààrẹ Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ǹsì àti Ẹ̀rọ ti Áfíríkà ní Àbújá, wà lára àwọn méjì tí ó ṣàkójọ ìwé tí wọ́n fi bu ọlá fún Paris ní ọdún 1997, lórí àárẹ̀ irin gan-an.

Ìbéèrè kan wà síbẹ̀ tí Wöhler, Griffith àti Paris kò dáhùn tán: bí a bá rí irin kan lónìí, tí a kò mọ ẹrù tí ó ti gbé rí, ǹjẹ́ a lè mọ iye tí ó ti lò nínú ayé rẹ̀? Òfin kejì nínú ìmọ̀ ooru ni ó ṣílẹ̀kùn èyí. Rudolf Clausius, ọmọ Jámánì, ni ó fún ohun tí òfin náà ń wọ̀n ní orúkọ ní ọdún 1865, ẹ́ńtírọ́pì, èyí tí í ṣe ìwọ̀n ìdàrú tí kò ṣeé dá padà: omi tí ó dà sílẹ̀ kò ṣeé kó tán, ooru tí ó sì ti fẹ́ kúrò lára wáyà kò ní padà wá tọ́ wáyà náà. Bí a bá mú ooru tí irin ń tú jáde nípa yíyí po, tí a fi ìwọ̀n ìgbóná rẹ̀ lórí òṣùwọ̀n Kelvin pín in (27 ti Celsius jẹ́ 300 ní ti Kelvin), tí a sì ń ṣà á jọ láti ọjọ́ kìíní títí di ọjọ́ tí irin kán, àpapọ̀ rẹ̀ ni a ń wá. Ní ọdún 2010, Naderi, Amiri àti Khonsari ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Louisiana ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde wọn jáde: wọ́n tẹ irin ní oríṣiríṣi ọ̀nà, wọ́n fi ẹrù wúwo tẹ̀ ẹ́, wọ́n fi fífúyẹ́ tẹ̀ ẹ́, wọ́n yára, wọ́n falẹ̀, wọ́n lo èyí tí ó nípọn àti èyí tí ó fẹ́lẹ́, síbẹ̀ àpapọ̀ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye kan náà ní ọjọ́ ikú. Fún irú alumíníọ̀mù tí wọ́n ń pè ní 6061, ó jẹ́ nǹkan bí mẹ́gájúùlù 4 fún kúbíìkì mítà kan fún Kelvin kan. Fún irin tí kì í dípẹtà, èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 304, ó tó 60. Ó dà bí ẹni tí ń dá àjọ àgbò ọdún Iléyá: ìbáà máa dá igba náírà lójúmọ́, ìbáà máa dá ẹgbẹ̀rún méjì lọ́sẹ̀, ọjọ́ tí owó bá pé iye àgbò ni yóò fa àgbò wálé.

Ìwádìí yìí wú mi lórí nítorí pé ó sọ irin di ohun tí ń kọ ìtàn ara rẹ̀ sílẹ̀. Ooru rẹ̀ ni ìwé rẹ̀. Kámẹ́rà tí ń rí ooru, tí a kò ní fi kan irin rárá, lè rí i pé ara irin tí a ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn a kọ́kọ́ gbóná díẹ̀, a wá dúró sójú kan fún ìgbà pípẹ́, a sì tún gbóná lójijì nígbà tí kíkán bá sún mọ́lé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí á sọ òótọ́ tó bí ó ti tó. Nígbà tí ìnira bá kéré, tí irin yóò gbà á ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún ìgbà kó tó kán, ooru tí ń jáde kéré tó bẹ́ẹ̀ tí atẹ́gùn lásán lè bò ó mọ́lẹ̀, kì í sì í ṣe gbogbo ooru tí ó jáde ni ó bá ìbàjẹ́ rìn. Ọ̀pá ẹ̀rọ Egbin tí ó wà nínú ooru omi kò ṣeé fi kámẹ́rà wò bí ẹni ń wo ojú àwòrán. Iṣẹ́ pọ̀ síwájú àwọn onímọ̀, èmi sì gbà pé ọ̀nà tí wọ́n gbà náà tọ́.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Egbin náà, nítorí ohun tí ó wà lẹ́yìn ọ̀fà ju òje lọ. Àwọn tí ó ya àwòrán ọ̀pá tí ń yí náà ti fi ìnira rẹ̀ sí abẹ́ ìwọ̀n tí Wöhler sọ, kí yíyí ojoojúmọ́ má bàa pa á. Ohun tí ń jẹ ayé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jù ni títàn àti pípa. Nígbà tí a bá tan ẹ̀rọ tí ó ti tutù, ooru yóò kọ́kọ́ kan awọ ọ̀pá irin tí ó nípọn náà, awọ yóò fẹ́ gbòòrò, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ tí ó ṣì tutù kò ní gbà. Nígbà tí a bá pa á, awọ yóò kọ́kọ́ tutù, yóò fẹ́ sún kì, inú tí ó gbóná yóò tún kọ̀. Títàn kan àti pípa kan jẹ́ ìtẹ̀síwá-sẹ́yìn kan tí ó le ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún yíyí lọ. Kódà lẹ́yìn pípa, wọn kì í jẹ́ kí ọ̀pá náà dúró gbagidi. Wọ́n ń rọra yí i títí yóò fi tutù, kí ó má bàa tẹ̀. Nígbà tí gáàsì bá wá ṣẹ́, tàbí nígbà tí ìsokọ́ra iná ilẹ̀ wa bá wó lulẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti ń wó léraléra, tí ẹ̀rọ sì ní láti kú lójijì, ìdàrú tí kò ṣeé dá padà ni ó ń wọ inú irin náà. Òkùnkùn tí a rí ní Ìkòròdú ní alẹ́ ọjọ́ náà yóò lọ ní òwúrọ̀. Èyí tí ó wọ inú irin kò ní lọ. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé iye ìgbà tí a tan ẹ̀rọ àti iye ìgbà tí a pa á yẹ ní kíkọ sílẹ̀ ní ilé iṣẹ́ iná gbogbo, kí ó sì jẹ́ ohun tí aráàlú lè béèrè.

Ẹ̀pẹ́ Jógunòmí náà ní ìpín tirẹ̀. Iye ìnira kékeré tí Wöhler wí pé irin lè gbé títí ayé, orí ilẹ̀ gbígbẹ ni ọ̀rọ̀ náà ti dúró. Bí omi bá dé ibi tí ó ti ń rẹ irin, pàápàá omi ọ̀sà tí iyọ̀ òkun ń dà pọ̀ mọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ààlà náà parẹ́: ìnira tí ó kéré jù lọ yóò pa irin náà bí ọjọ́ bá ti pẹ́, nítorí pé ìpẹtà ń la ẹnu ọgbẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ pa dé. Àwọn tí ó fi ẹ́ńjìnnì wa ọkọ̀ gbé ẹja wá sí ọjà Olúwo, tí wọ́n sì ń gbé èrò la ọ̀sà kọjá, kí wọ́n mọ̀ pé ọ̀pá tí ń yí abẹ̀bẹ̀ ìdí ọkọ̀ wọn kò ní àṣeyè láìyẹ̀ ẹ́ wò.

Àwọn wẹ́dà wa sì wà lójú ọ̀nà, ọwọ́ wọn ni ọ̀pọ̀ ẹ̀mí wà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 1980, ilé orí òkun tí àwọn òṣìṣẹ́ epo ń gbé ní Norway, Alexander Kielland, dojú dé nínú ìjì, ènìyàn 123 sì kú nínú 212 tí ó wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n tọpa rẹ̀, wọ́n rí i pé ojú sísán ti àárẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ní ibi ìjó irin kékeré kan, tí kò nípọn ju mílímítà 6 lọ, tí wọ́n fi so ohun èlò ìgbọ́hùn abẹ́ omi kan mọ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀pá tí ń gbé ilé náà ró. Kò sí ẹni tí ó ka ìjó náà sí. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń rí i lójoojúmọ́ tí a ń jó ìkọ́ mọ́ egungun ẹ̀yìn tírélà, tí a ń jó sìpíríǹgì tí ó ti sán kí ọkọ̀ lè délé, láìmọ̀ pé ooru ìjó náà ti yí ara irin tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ padà, ó sì ti pa ìnira mọ́ sínú rẹ̀ bí ó ti ń tutù.

Ní Odògúnyàn, ní Ìkòròdú kan náà, ni àwọn ilé iṣẹ́ wà tí ń yọ́ irin àlòkù, tí wọ́n sì ń fi ṣe ọ̀pá irin ìkọ́lé. Iṣẹ́ tí ó yẹ kí á yìn ni, nítorí ohun tí ì bá di pàǹtí lójú ọ̀nà ni ó ń di ilé. Ṣùgbọ́n irin àlòkù kì í dá wá. Bàbà inú wáyà iná ń bá a wá, tánganran ń bá a wá, àwọn wọ̀nyí kì í sì í jáde nínú irin yíyọ́ bọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìdọ̀tí tíntìntín tí ó bá kù sínú ọ̀pá jẹ́ ojú sísán tí a ti dá sílẹ̀ de ẹrù. Nínà lẹ́ẹ̀kan ni a sábà máa ń fi yẹ ọ̀pá irin wò ní orílẹ̀-èdè wa: a ó fà á títí yóò fi já, a ó sì kọ agbára rẹ̀ sílẹ̀. Ó tó fún ilé gbígbé tí ó dúró jẹ́ẹ́. Kò tó fún afárá, kò tó fún ibi tí ẹ̀rọ ti ń mì, kò sì tó fún ohunkóhun tí ẹrù rẹ̀ ń lọ tí ó ń bọ̀.

Ẹ̀ka ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ẹ̀pẹ́. Pólì Ìkòròdú ti di Yunifásítì Sáyẹ́ǹsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ láti ọdún 2022. Kékeré ni a ti ń pẹ̀ka ìrókò. Mo bẹ àwọn aláṣẹ ìpínlẹ̀ yìí pé kí wọ́n fún ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì ní ẹ̀rọ tí ń tẹ irin síwá sẹ́yìn bíi ti Wöhler àti kámẹ́rà tí ń rí ooru, kí ọ̀pá irin tí ń jáde ní Odògúnyàn lè máa gba ibẹ̀ kọjá, kí àwọn ọmọ wa sì kọ àpapọ̀ ìdàrú rẹ̀ sílẹ̀ fún wa, nítorí pé iye ti irin Louisiana kò lè jẹ́ iye ti irin tiwa. Ẹ̀yin mẹkáníìkì àti onímọ́tò, ẹ má dúró de ìjọba: ẹ nu irin mọ́, ẹ fi kẹrosíìnì pa ojú ibi tí ẹ̀ ń fura sí, ẹ nù ún gbẹ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ẹ sì fi ẹfun kùn ún. Bí ibẹ̀ bá ti sán, kẹrosíìnì tí ó sá pamọ́ yóò fà jáde sínú ẹfun, yóò sì fi ìlà hàn yín. Irin tí ó bá fi ìlà náà hàn, ẹ yọ ọ́ kúrò lára ọkọ̀ lọ́jọ́ náà gan-an.